Iná Ìdí Ọkọ̀ Dà?

Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 22 ni mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí WhatsApp. Nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dúdú kan yọ jáde láti inú ihò òkè, ó fa wágọ̀nù mọ́kànlá gorí afárá olókùúta kan, ó sì kọjá lọ ní tirẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Rélùwéè kékeré ni, irú èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sínú yàrá. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe ohun tó wà nínú fídíò yẹn. Mo wá jókòó ti fóònù bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò, mò ń dúró kí wọ́n ní "O kú iṣẹ́, ọmọ mi." Ó tó wákàtí kan kí ohùn wọn tó dé, torí wọ́n ní láti kọ́kọ́ wá awò ojú wọn.

"Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n iná ìdí ọkọ̀ dà?"

Ó parí síbẹ̀.

Gáàdì ni bàbá mi nílé iṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà, láti ọdún 1964 títí di 1991. Kì í ṣe irú gáàdì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì o. Gáàdì rélùwéè ló ni ẹ̀yìn ọkọ̀ bí dírẹ́bà ṣe ni iwájú rẹ̀. Inú bíréèkì-fáànù, ìyẹn wágọ̀nù gáàdì tó gbẹ̀yìn pátápátá, ló ń jókòó sí, tòun ti fèrè, àsíá ewé, àsíá pupa, àti àtùpà. Àtùpà yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá níwájú ilé ẹni tó ń fa sìgínà, ìdí ọkọ̀ ni onítọ̀hún ń wò, kì í ṣe orí rẹ̀. Bó bá rí àtùpà, ó mọ̀ pé ọkọ̀ pé, pé kò sí wágọ̀nù kankan tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì lè gba ọkọ̀ mìíràn láyè lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá rí i, gbogbo nǹkan dúró. Àwọn òyìnbó ló ṣe òfin náà nílé wọn, wọ́n sì kó o mọ́ irin àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá mi pa á mọ́ fún ọdún 27. Ẹ wáá wò ó, ọmọ wọn ń gbé nílé àwọn tó ni òfin gan-an, ọkọ̀ tó já ló ń wà.

Mo tún fídíò wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí fáànù mi dán bí ìdí ìkòkò tí kò tíì rí iná rí. Ní ìwọ̀n tí mò ń lò, àtùpà bẹ́ẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ. Mo gé e lára wáyà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi orí abẹ́rẹ́ tọ ọ̀dà pupa sí i lójú. Alẹ́ méjì ló gbà, nítorí èyí àkọ́kọ́ fò bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni èsì wọn. "Ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ńkọ́?"

Wọ́n tún jàre. Láyé ìgbà yẹn, fáànù ọkọ̀ ẹrù máa ń ní àtùpà kan ní ìhà ọ̀tún àti ọ̀kan ní ìhà òsì, kí àwọn tó wà lórí ẹ́ńjìnnì lè bojú wẹ̀yìn kí wọ́n rí i pé ìdí ọkọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé wọn. Mo padà sídìí ẹ̀mú.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds, iṣẹ́ òru ni mo sì máa ń ṣe jù. Lọ́dún bí i mélòó kan sẹ́yìn, nínú oṣù Kejì, tí òtútù ti wọ mí léegun tí ọkàn mi sì ti rẹ̀, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, dípò kí n gba ilé lọ, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Carlisle. Mi ò ní ẹnì kankan ní Carlisle. Oorun gbé mi lọ kí a tó kọjá Skipton. Nígbà tí mo lajú, mo wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, ilẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo pariwo Jésù. Ìyá òyìnbó tó jókòó síwájú mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ribblehead nìyẹn, olólùfẹ́." Bí àwọn ará Yorkshire ṣe ń pe gbogbo ènìyàn nìyẹn, ẹ má rò ó lọ́nà mìíràn.

Afárá tó ní ọ̀nà ihò 24 ni Ribblehead, ó gùn tó míìtà 400, ó sì ga tó míìtà 32. Ilé iṣẹ́ Midland Railway bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà láti Settle dé Carlisle lọ́dún 1869. Ọkọ̀ ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbẹ̀ ní 1875, ti èrò ní 1876. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló fi ọwọ́, ṣọ́bìrì àti ẹ̀tù ṣe é. Àwọn tó ṣe afárá náà àti ihò òkè Blea Moor tó tẹ̀ lé e ń gbé nínú àgọ́ onípákó lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan báyìí, tìyàwótọmọ. Àìsàn tí à ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Ilẹ̀ẹ́gbóná jà láàárín wọn níbẹ̀. (Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n òru ni mò ń kọ èyí.) Ọ̀pọ̀ wọn, tọmọdé tàgbà, wà ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Chapel-le-Dale, tí kò jìnnà síbẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀. Ìtẹ́ náà dákẹ́ débi pé ohùn bàtà ẹni lórí òkúta ń dójú tini.

Ní nǹkan bí i ọdún 1983, ìjọba fẹ́ ti ọ̀nà náà pa, wọ́n ní owó tí afárá ń jẹ ti pọ̀ jù. Àwọn èèyàn kọ̀wé pé àwọn ò gbà, bí i 32,000 wọn. Ajá kan wà lára wọn. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó ti wọ ọkọ̀, nítorí náà òun náà jẹ́ èrò tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe àròyé, wọ́n sì gba ìtẹ̀ka àtẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ruswarp ni orúkọ rẹ̀. Ère rẹ̀ wà ní téṣọ̀n Garsdale. Lọ́dún 1989, ìjọba gbà pé kí ọ̀nà náà wà. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún bàbá mi, ohun tí wọ́n bi mí ni iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ajá jẹ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé ìrìn àjò Carlisle yẹn ni mo rí rélùwéè kékeré fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ. Mo rò pé ọjà aṣọ òkìrìkà ni mo wọlé sí. Bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń ti ọkọ̀ ojú irin kan tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, ó sì gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá lé mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí dírẹ́bà. Mo rí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó ń dáná. Mi ò rántí bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ń pe ìwọ̀n tí mò ń ṣe ní N. Mìlímítà 9 ni àárín irin méjèèjì, ibẹ̀ sì ni orúkọ ti wá, torí pé N ni "mẹ́sàn-án" fi bẹ̀rẹ̀ ní èdè Jámánì, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ítálì. Ilé iṣẹ́ Arnold ní ìlú Nuremberg ló gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní Ìlú Ọba, ọ̀nà 148 ni a ń dín ohun gbogbo kù: míìtà 148 di míìtà kan. Èèyàn tó ga dáadáa di mìlímítà 12. Kóòṣì èrò tó gùn tó míìtà 20 kò tó bírò tí ẹ fi ń kọ̀wé. Ọkọ mi, tó fún mi lórúkọ náà Ìyá Rélùwéè, ní ohun tó kéré báyìí kò yẹ kó wọ́nwó tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tuntun kan ń lọ sókè ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn dáadáa. Mo máa ń dá a lóhùn pé kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ. Òun náà á ní owó tí mò ń ná sórí abẹ́rẹ́ yìí, adìẹ ló ń rà.

Ribblehead ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, bí gbogbo ènìyàn. Mo ṣírò rẹ̀: míìtà 400, ẹ pín in sí ọ̀nà 148, míìtà 2.7 ni. Yàrá kékeré tí mo rí gbà nínú ilé wa kò ju míìtà 2.3 lọ. Àwọn onírélùwéè kékeré ní ọgbọ́n fún èyí, wọ́n á gé ihò mẹ́wàá kúrò nínú mẹ́rìnlélógún, wọ́n á sì ní òun náà nìyẹn. Mi ò lè ṣe é. Ẹni tó ti rí ìtẹ́ òkú yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ gé ihò mẹ́wàá dànù bí ẹni gé ẹran sọ́bẹ̀? Mo wá ríran kọjá ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ribblehead, yóò wọ ihò òkè Blea Moor, tó gùn ju kìlómítà 2 lọ. Bó bá sì ti yọrí lápá kejì báyìí, afárá mìíràn ló máa gùn, Dent Head. Ihò mẹ́wàá ni tirẹ̀, ó gùn tó míìtà 182. Ìyẹn di míìtà 1.23. Ó wọ yàrá mi, ó ṣẹ́ kù. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ tún ti ṣe ibi tí ọkọ̀ máa gbà yọ, nítorí nínú iṣẹ́ yìí, ìṣòro ńlá ni bí ọkọ̀ á ṣe wọlé àti bí á ṣe jáde láìjẹ́ pé ojú rí ibi tí ayé ti tán. Ihò òkè ló dára jù. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí aṣọ bò, irin márùn-ún wà tí àwọn ọkọ̀ ń sùn sí.

Pláìwúùdù ni egungun afárá mi. Páálí ni awọ rẹ̀. Òkúta kọ̀ọ̀kan ni mo fi abẹ́rẹ́ fà sára páálí, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, ihò mẹ́wàá, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí mo bá ti òru dé, mo máa ń fa ìlà fún wákàtí kan kí n tó sùn. Wọ́n ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Mo ti rí ìfun èèrà o. Nígbà tí mo fa dé ihò kẹrin ni mo ṣàkíyèsí nínú fọ́tò pé àwọn òkúta ìsàlẹ̀ tóbi ju ti òkè lọ, mo sì ti fa gbogbo wọn bákan náà. Mo ya páálí náà. Mo sọkún díẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Irin inú iṣẹ́ yìí máa ń dọ̀tí. Iná mànàmáná fólìtì 12 ń gba inú irin wọ táyà, táyà sì kéré. Eruku tí ojú ò rí tó láti dá ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà bí ọ̀lẹ. Sípíríìtì ni a fi ń nu irin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere fún ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́: owó mi ni mo fi ń ra sípíríìtì mi.

Jàǹbá tó burú jù ṣẹlẹ̀ níjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò wa, tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Manchester nínú agbádá tó gbayì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ohun tí ìyàwó àwọn ń fi òru ṣe. Mo ṣí yàrá fún wọn. Wọ́n wò ó, ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ṣe ohun tí ọkùnrin tó wọ agbádá máa ń ṣe bí nǹkan bá yà á lẹ́nu: wọ́n ká apá agbádá sí èjìká. Kóòṣì mẹ́ta àti ẹ́ńjìnnì kan bá apá ọ̀tún lọ. Mo gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa," ni wọ́n wí, wọ́n sì yípo láti wo ibi tó bọ́ sí, apá òsì bá gbá òpó tẹlifóònù mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ ìwé sẹ́nu ọ̀nà: Ẹ BỌ́ AGBÁDÁ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Lẹ́nu iṣẹ́ tí mo yàn yìí, mo ti ń bá òwe yẹn jiyàn díẹ̀díẹ̀. Abúlé kan wà ní Oxfordshire tí wọ́n ń pè ní Long Wittenham, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon wà níbẹ̀, àwọn ilé kékeré tó wà nínú rẹ̀ sì lè mú kí èèyàn gbàgbé láti mí. Àwọn abúlé àfonífojì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, bí wọ́n ṣe rí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì: ilé olórùlé koríko, ọgbà ẹ̀fọ́, ojú fèrèsé tí aṣọ wà níbẹ̀. Roye England ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Ọsirélíà ni. Ọdún 1925 ló dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé wọ́n ń ká koríko kúrò lórí àwọn ilé àtijọ́, wọ́n ń fi ohun tí kò lẹ́wà dípò, àwọn onílé kò sì rí i bí àdánù. Òun àlejò ló rí i. Ó fi páálí kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lọ láìsí ẹlẹ́rìí. Mo dúró níwájú gíláàsì náà títí tí olùṣọ́ fi bi mí bóyá ara mi le.

Ó yẹ kí n wá sọ irọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà, nítorí òun ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Àárín irin méjèèjì ní Ìlú Ọba gidi jẹ́ mìlímítà 1,435. Ẹ pín in sí ọ̀nà 148. Mìlímítà 9.7 ló yẹ kó jẹ́, kì í ṣe 9. Ká yí i padà: mìlímítà 9 tí à ń lò dọ́gba pẹ̀lú mìlímítà 1,332 lójú ayé. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ti sọnù lábẹ́ gbogbo ọkọ̀ ojú irin N ní gbogbo Ìlú Ọba. Ohun tó fà á ni pé àwọn ará Yúróòpù yòókù ń dín tiwọn kù lọ́nà 160, ìyẹn sì bá mìlímítà 9 mu régé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin àwọn òyìnbó yìí tín-ín-rín ju tàwọn ará Yúróòpù lọ látilẹ̀, nítorí ihò àti afárá wọn ti wà tipẹ́, wọn ò sì fẹ̀. Bí a bá dín in kù lọ́nà 160, mọ́tò ayé ìgbà náà ò ní wọnú ẹ́ńjìnnì. Ni wọ́n bá mú ara ọkọ̀ tóbi díẹ̀, wọ́n fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó sanra tó wọ bàtà ọmọdé.

Àwọn kan ò gbà. Ẹgbẹ́ kan wà, 2mm Scale Association, láti ọdún 1960, tí ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, mìlímítà 9.42 ni àárín irin wọn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe irin àti táyà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Àwa yòókù ti gba irọ́ náà bí ìlú ṣe ń gba ọba tí kò fẹ́. A kì í tilẹ̀ rí i mọ́. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ọdún 1966 ni mo fi ayé kékeré mi sí. Ẹ́ńjìnnì èéfín ṣì ń rìn lọ́nà yẹn nígbà náà. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1968 ni ọkọ̀ ìdágbére gba ibẹ̀ lọ sí Carlisle. Ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Black Five, iṣẹ́ ọwọ́ William Stanier, 842 ni wọ́n ṣe. Dúdú ni, kì í ṣe fáàrí, ó lè fa èrò, ó lè fa ẹrù, kò sí ibi tí wọn kì í rán an. Bí mo bá ń wò ó, ojú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ Asquith Xavier ṣẹlẹ̀. Gáàdì ni òun náà, ọmọ erékùṣù Dominica, ó ń ṣiṣẹ́ ní téṣọ̀n Marylebone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó béèrè fún iṣẹ́ gáàdì ní Euston, wọ́n ní rárá, àwọ̀ rẹ̀ ni. Ẹjọ́ náà di ariwo, wọ́n sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1966 sì ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Euston. Nígbà tí mo kà á, mo ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún yẹn, bàbá mi ti ṣe ọdún méjì lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà, láàárín Ìbàdàn àti Jẹ́bà, pẹ̀lú irú fèrè kan náà.

Àwọn èèyàn kékeré tí mo rà nínú páálí, pupa fẹ́ẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn. Mo mú ọ̀kan tó gbé àsíá dání, mo kun ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ní dúdú, mo sì gbé e dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bíréèkì-fáànù. Mìlímítà 12.

Ní ìpàtẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí, ọkùnrin kan dúró níwájú Dent Head mi fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Ó yin àwọn òkúta. Ó ka ihò, ó sì pé. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n gáàdì yẹn kò bá òótọ́ mu. Kò sí irú rẹ̀ lọ́nà yìí nígbà náà." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Bí ẹni tó ń tọ́ka sí àṣìṣe ọ̀dà ló ṣe sọ ọ́.

Èmi náà ò sọ pé ẹnì kan báyìí dúró ní Dent Head lọ́jọ́ báyìí. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ti sọnù lábẹ́ ọkọ̀ yẹn níwájú rẹ̀, lójú ọ̀nà láti ihò dé ìpẹ̀kun, kò rí i. Kò lè rí i, ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ọkùnrin mìlímítà 12 kan ló rí. Mo fẹ́ sọ fún un nípa Xavier. Mo fẹ́ ṣe ìṣirò 1,332 náà fún un lórí bébà. Ẹnu iṣẹ́ òru ni mo sì ti wá, ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Sà, bàbá mi ni." Ó wò mí, ó wo fáànù, ó ní "Áà," ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un wò. Lẹ́yìn ìgbà náà ló béèrè bí mo ṣe rí àtùpà ìdí ọkọ̀ ṣe tó kéré bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi, wọn ò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó sáà rí àtùpà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀nà tìrẹ yẹn, báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

Mo sọ fún wọn: mìlímítà 9.

"Mo ń sọ tàwọn òyìnbó gan-an."

"1,435, sà. Bí i tèyí tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn báyìí."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ ni tiwa," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀. Má gbàgbé."

Mi ò ronú nípa rẹ̀ títí di ìdájí, lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́ọ̀dù dákẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Ìwọ̀n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láti Iddó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé Ìbàdàn ní 1901, ìwọ̀n náà ni wọ́n sì fi ń lọ dé òkè Ọya. Mo mú ẹ̀yìn bébà kan. Bí a bá dín ohun gbogbo kù lọ́nà 120 dípò 148, mìlímítà 1,067 di 8.9. Mo tún un ṣe, mo rò pé oorun ni. 8.9. Àwọn ará New Zealand, tí ojú irin wọn jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ bí tiwa, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mo rí i lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́. Irin mìlímítà 9 tó wà nínú àpótí mi, tí kò tó òyìnbó, tó sì ti ń parọ́ fún wọn láti bí i ọgọ́ta ọdún, Ọ̀fà ló bá mu. Òṣogbo ló bá mu. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ló fi yàtọ̀.

Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ta rélùwéè Nàìjíríà ní ìwọ̀n yìí. Kí n má tàn yín jẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni màá ti fi páálí ṣe é. Ẹ́ńjìnnì lè dúró ná. Àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n fi orúkọ odò pè, tí wọ́n ṣe ní Vulcan Foundry ní Lancashire, kò jìnnà sí mi rárá, bóyá màá rí àwòrán wọn níbì kan. Ìdí ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Fáànù tí ẹ ń jókòó sí yẹn, báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ta ló fẹ́ rà á?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ ṣe é."

Mo gbọ́ pé wọ́n dìde lórí àga. Wọ́n ní wọn kò fi tépù wọ̀n ọ́n rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n, nítorí àìmọye òru ni wọ́n fi rìn ín lọ rìn ín bọ̀ kí oorun má baà gbé wọn. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ sórí nǹkan kan. Mo gbọ́ sálúbàtà wọn lórí sìmẹ́ńtì, wọ́ọ́, wọ́ọ́, ohùn wọn sì ń kà á díẹ̀díẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ mi, páálí wà níwájú mi. Aárùn-ún. Ẹẹ́fà. Wọ́n dúró.

Mo gbọ́ ohùn àǹtí mi láti ilé ìdáná: "Bàbá, kí lẹ ń wá lára ògiri?"

"Pálọ̀ ti tán," ni bàbá mi wí, "fáànù ò tíì tán. Ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi."